Ìlà Méje Tí Orrin Kọ

                                                  Ojúlé 214, Òpópónà Ridge,
                                                  Ishpeming, Michigan.
                                                  Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Marlys,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ooru Tucson ńkọ́, ṣé ó ti ń dẹwọ́ fún yín báyìí? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tí wọ́n ṣe fún un ti ń gbé e rìn dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Mo rí fọ́tò ọmọ náà. Imú ìyá rẹ ló gbé wá sáyé, kò ṣẹ́ kù síbì kan. Àwa náà wà níbí, a ń mí. Yìnyín ti bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Lyle, olówó orí mi, sì ti bá ẹ̀rọ tó fi ń kó o jà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ló borí. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kó o fi oòrùn díẹ̀ sínú àpò ìwé nígbà tó o bá ń fèsì.

Má bínú pé mi ò pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, mi ò rò pé ẹnu mi lè sọ ọ́ dópin láìjẹ́ pé mo sunkún tàbí kí n sọ̀rọ̀ tí mi ò ní lè kó padà. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí kó o tó máa kà á lọ. Ọ̀rọ̀ Atukọ̀ Àríwá ni.

Bẹ́ẹ̀ ni. Atukọ̀ tiwa yẹn. Mo ti mọ ẹni tó jẹ́, àyà mi ò sì tíì padà sí ipò rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

O rántí pé oṣù kẹta la sin Bàbá Orrin Niemela. Òdòdó tó o fi ránṣẹ́ dé, orí pósí gan-an ni wọ́n gbé e lé. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, Màmá Aune, ìyàwó rẹ̀, wa ọkọ̀ wá sílé mi ní ọ̀sán Sátidé kan. Mo ń fa koríko lọ́wọ́. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní kí n wá bá òun gbé nǹkan. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ Bàbá Orrin ni, ó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wé e bí ọmọ tuntun, pẹ̀lú páálí kan tó kún fún díìsìkì pẹlẹbẹ.

“Wọ́n ní iṣẹ́ tó o fi ń jẹun nìyí,” ló wí. “Ṣé o lè jí i fún mi?”

Mo ní, “Màmá, ẹ̀rọ yìí dàgbà ju àkọ́bí mi lọ.”

“Èmi náà dàgbà jù ọ́ lọ, mo sì ṣì ń wakọ̀. Gbé e wọlé jàre, ọwọ́ ń dùn mí.”

Ohun tó fẹ́ ni pé kí Pátákó Etí Adágún, pátákó ìkọ̀wé tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, tún ṣí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, ọjọ́ tó pé ọdún méjìdínlógójì tí Bàbá Orrin kọ́kọ́ ṣí i, kí gbogbo àwa tá a máa ń wọ ibẹ̀ nígbà náà lè pàdé, ká fi dágbére fún un. Ojú ẹsẹ̀ ni mo gbà. Àwọn ọmọ mi ò tilẹ̀ gbà mí gbọ́ nígbà tí mo sọ fún wọn pé fóònù la fi ń pe kọ̀ǹpútà bàbá awakùsà kan, pé láìnì méjì péré ló ní, pé tí ìwọ àti Verner Aho bá ti wà lórí ẹ̀, èmi á máa tẹ nọ́ńbà títí ìka mi á fi bó, kí n ṣáà lè wọlé ka lẹ́tà. Ọmọ mi obìnrin béèrè pé, “Kí lẹ wá ń sọ fún ara yín gan-an?” Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dá a lóhùn. Gbogbo nǹkan la ń sọ.

Bàbá Orrin fúnra rẹ̀ ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú pátákó náà ṣiṣẹ́, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìlà, lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó sì máa ń kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ohun gbogbo. Níbì kan ó kọ pé: “Mi ò mọ ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án.” Níbòmíràn: “Aune ní oúnjẹ ti ń tutù. Ó di ọ̀la.” Nígbà míì mo máa ń rẹ́rìn-ín níwájú kọ̀ǹpútà títí Lyle á fi yọjú pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni láti ká ètò náà kúrò lára ẹ̀rọ ayé àtijọ́, kí n mú un gbé lára kọ̀ǹpútà òde òní. Iṣẹ́ náà le ju bí mo ṣe rò lọ. Ètò yẹn ń retí kí fóònù dún, kọ̀ǹpútà mi ò sì ní fóònù, ni mo bá kọ nǹkan kékeré kan tó ń tàn án pé íńtánẹ́ẹ̀tì ni fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òun ò rí fáìlì òun, fáìlì sì rèé níwájú ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ àtijọ́ kì í bìkítà bóyá lẹ́tà ńlá tàbí lẹ́tà kékeré lo fi kọ orúkọ, èyí tuntun sì ń ṣe fínnífínní lórí ẹ̀. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi tó máa ń kí wa káàbọ̀ di wúruwùru. Èyí tó dá mi lágara jù ni ìwé orúkọ. Àyè méjì ni ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń fi nọ́ńbà sí, tuntun ń fún un ní mẹ́rin, bí ètò náà ṣe ń kà wá lọ ni gbogbo nǹkan ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ rẹ bọ́ sínú nọ́ńbà fóònù mi. Verner di ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1907. Mo pè é kí n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Bó ṣe ń ṣe mí láàárọ̀ yìí gan-an nìyẹn.”

Kí n lè mọ̀ bóyá mo ti tò ó tọ́, mo kọ ètò kékeré mìíràn tó tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ jáde sórí ìwé bó ṣe wà nínú díìsìkì gan-an: orúkọ ẹni tó wọlé, ọjọ́, aago, àti ibi tó gbà wọlé. Ení dúró fún láìnì àkọ́kọ́, èjì fún ìkejì. Òdo sì ni kíbọ́ọ̀dù tó wà lára kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, nínú yàrá abẹ́ ilé àwọn Niemela.

Mò ń fi ìka tọ ìwé náà lọ, mo dé ọ̀dọ̀ Atukọ̀ Àríwá. Òdo. Mo ṣí ojú ìwé kejì. Òdo. Ó lé ní ẹgbàá ìgbà tó wọlé láàárín ọdún mẹ́jọ, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òdo.

Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, torí pé nígbà tí mo ṣí pátákó náà fúnra rẹ̀, ení ló kọ síwájú orúkọ rẹ̀, bó ṣe wà nígbà ayé wa. Ìwé ní òdo, pátákó ní ení. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wá àṣìṣe mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo rí i, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Ní ìsàlẹ̀ fáìlì tó ń kọ orúkọ àwọn tó wọlé sójú, ìlà méje wà níbẹ̀, Bàbá Orrin ló kọ ọ́. Ohun tí ìlà méje náà ń sọ kò ju pé: tó bá jẹ́ Atukọ̀ Àríwá ni, má kọ òdo, kọ ení. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 1988, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí àlàyé kankan. Bàbá tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí oúnjẹ ẹ̀ bá tutù, kò kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀.

Marlys, ara mi bù máṣọ. 

O mọ ohun tí Atukọ̀ jẹ́ sí wa. Òun ló ń kọ̀wé sí ọ láràárọ̀ nígbà tí apá kan ara ìyá rẹ kú, tó o ní lẹ́tà rẹ̀ ni kò jẹ́ kó o ya wèrè. Òun ló ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Houghton nígbà tí bàbá mi ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó ní òun ń tu ọkọ̀ tó ń kó irin lórí adágún, pé àwọn ọ̀gá òun máa ń jẹ́ kí òun lo fóònù ní èbúté. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ìwọ lo wa ọkọ̀ bàbá rẹ gbé mi lọ sí èbúté ní Marquette, ní Thursday yẹn nínú oṣù kẹwàá, 1992, nígbà tó wá gbà pé kí n wá pàdé òun. Mo wọ kóòtù aláwọ̀ ewé ti ẹ̀gbọ́n mi. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú la dúró nínú òjò oníyìnyín yẹn. Ọkọ̀ méjì wọlé, àwọn ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè mi. Lọ́jọ́ kejì ó kọ̀wé pé ìjì ló darí àwọn sí Duluth. Mo gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbà á gbọ́.

Ó wá di pé Bàbá Orrin ni. Ohun tí mo rò nìyẹn. Bàbá Orrin tó fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá Lyle, torí pé bàbá mi ti kú. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo bì. Nígbà tí Lyle béèrè ohun tó ṣe mí, mo ní ẹja tí mo jẹ ni.

Ní àárọ̀ Tuesday, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá, mo kó ìwé náà lọ bá Màmá Aune. Ó ń po ìyẹ̀fun pásítì tó fẹ́ fi wé ẹran lórí tábìlì ìdáná, ìyẹ̀fun ti dé ìgúnpá ẹ̀.

Mo ní, “Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa Bàbá. Kò dáa létí.”

Kò gbójú sókè. “Obìnrin ló ní níta?”

“Rárá, Màmá.”

“Ó yẹ kí n ti mọ̀. Orrin ò lè rántí ọjọ́ ìbí ẹyọ obìnrin kan, ká tó wá sọ̀rọ̀ méjì.”

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló wò mí lójú. Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, mo ṣàlàyé òdo àti ení fún un, mo ní Bàbá ló ń fi orúkọ Atukọ̀ kọ̀wé sí gbogbo wa, tó sì kọ́ ẹ̀rọ ní irọ́ kó má bàa hàn. Ó gbọ́ mi tán. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó jókòó. Ó wo ojú ìwé àkọ́kọ́ fún ìgbà pípẹ́.

“Renae, ka aago tó wà níbí fún mi.”

“Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Àárọ̀.”

“Èyí tó tẹ̀ lé e?”

“Mẹ́wàá ààbọ̀. Èyí, aago kan ọ̀sán. Mẹ́wàá kọjá ogún.”

“Gbogbo wọn ńkọ́?”

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Àárọ̀ àti ọ̀sán, Monday sí Friday, ọdún mẹ́jọ.

“Níbo ni Orrin máa ń wà ní aago mẹ́wàá àárọ̀?”

Nínú kòtò ìwakùsà ni. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé náà, ọwọ́ tó ń bu kọfí fún wa.

“Èmi ni,” ló wí. “Má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni.”

Háà, Marlys! Tí wọ́n bá ní kí n ka gbogbo èèyàn tó wà ní Michigan kí n tó dé ọ̀dọ̀ Màmá Aune, mi ò ní dé ibẹ̀. Àwa tá a rò pé kò mọ kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí fíríìjì! Ó ní òun ti ṣe atẹ̀wé ní ọ́fíìsì kí òun tó lọ́kọ, àádọ́rin ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Èmi ò mọ̀. Ṣé ìwọ mọ̀?

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Nígbà tí Bàbá Orrin kọ́kọ́ ṣí pátákó náà, kò sí ẹni tó pè. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, oṣù mẹ́ta. Ó lẹ ìwé mọ́ ilé-ìkàwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé ìfọṣọ. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í bọ́ bàtà, inú yàrá abẹ́ ilé ló ń gbà lọ tààrà láti wò bóyá ẹnì kan wọlé. Á tún gòkè padà, á ní, “Wọn ò tíì mọ̀ ni,” á sì jẹun láìsọ̀rọ̀. Màmá ní òun ò lè wo ojú yẹn mọ́. Ní Monday kan nínú oṣù kejì, òun lọ sísàlẹ̀, òun jókòó síwájú ẹ̀rọ, òun sì ṣe bí àlejò.

“Kí ló dé tó fi jẹ́ atukọ̀?” ni mo bi í.

“Ẹni tí kò ní lè yà kí wa nílé ni mò ń wá.”

Ó ní nígbà tí Orrin gòkè wá lọ́jọ́ yẹn, ó ń pariwo bí ọmọdé. “Aune! Ẹnì kan pè! Ọmọ ọkọ̀ ojú omi ni!” Òun sì ń ro ọbẹ̀, òun ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Òun rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n Orrin kọ̀wé sí Atukọ̀, ó ń retí èsì. Nígbà tó yá, àwa náà dé, a tún ń kọ̀wé sí Atukọ̀.

Mo ní, “Ẹ lè ti dá a dúró.”

“Mo lè ti dá a dúró.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ máa ń wá síbí ní gbogbo Sátidé, ìwọ, Marlys, Verner, gbogbo yín. Mò ń bu kọfí fún yín. Ẹ á ní, kọfí yìí dáa. Ọdún mẹ́jọ, Renae. Kọfí yìí dáa. Lórí ẹ̀rọ yẹn lẹ ti ń bi mí ní ohun tí mo rò.”

Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò ṣe mí, Marlys, jẹ́ kí n sọ òótọ́. Èbúté nìkan ló wà lójú mi. Mo bi í ní ìbéèrè náà. Ó ní lẹ́tà mọ́kànlá ni mo fi bẹ òun, pé òun gbà kí òun lè wá sọ ọ́ fún mi lójúkojú pé òun ni. Ó ní òun wá.

“Ẹ wá síbo?”

“Èbúté. Mo wà nínú ọkọ̀, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù. Mo gbé búrẹ́dì nísù dání. Mo rí ìwọ àti Marlys. Mo rí bó o ṣe ń tún irun ẹ ṣe nígbàkigbà tí ọkùnrin kan bá ń bọ̀.” Ó fi ìka nu ìyẹ̀fun tó wà lórí tábìlì. “Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí ẹ fi lọ.”

Mo pariwo. Mo pariwo mọ́ obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin nínú ìdáná rẹ̀. Mo ní mo dúró sínú òjò fún wákàtí mẹ́sàn-án. Mo ní mo sọ fún Lyle lẹ́ẹ̀mejì pé kó dúró, nítorí ẹni tí kò sí láyé. Mo ní gbogbo ohun tí mo kọ sí Atukọ̀, mi ò ní kọ ọ́ sí i láéláé ká ní mo mọ̀. Kò já mi ní koro. Ó ń sọ pé, “Òótọ́ ni. Òótọ́ ni.” Mo gbé kóòtù mi, mo ń lọ. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà, mo ti ti apá kan bọ kóòtù, nígbà tó sọ fún ara rẹ̀ ju fún mi lọ pé, “Ó ṣáà dáa. Orrin kú láìmọ̀.”

Ibẹ̀ ni mo ti dúró.

Torí mo rántí ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà méje yẹn. Mo padà, mo gbé ìwé. Atukọ̀ kọ́kọ́ wọlé ní Monday, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, 1988. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Bàbá Orrin kọ ìlà méje náà.

Mo lè ti dákẹ́. Kí n má purọ́ fún ọ, ìbínú ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé kí n sọ ọ́, kó lè dun òun náà. Àmọ́ bí mo ṣe ń la ẹnu báyìí, ìbínú yẹn sá kúrò lẹ́nu mi.

“Màmá, ṣé ẹ máa ń wo orúkọ àwọn tó wọlé nígbà yẹn?”

“Ojoojúmọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo rí òdo níwájú mi, tí mi ò rí i níbòmíràn, àyà mi já. Lọ́jọ́ kejì ó ti di ení. Mo ní ojú mi ló ṣe ségesège, ẹ̀rọ ò mọ̀ mí.”

“Ẹ̀rọ mọ̀ yín, Màmá. Bàbá ló kọ́ ọ kó máa purọ́.”

“Irọ́.”

“Ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ó ti mọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ó fi pa mọ́ kí Verner tàbí àwa má bàa rí i, kí ẹ̀yin náà má bàa mọ̀ pé òun mọ̀.”

“Irọ́ ni, Renae.” Ṣùgbọ́n ó ti jókòó. Ó ní kí n ka ìlà méje náà síta fún òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan, ó sì ń ṣe mí bíi kí n sá jáde kí n má bàa wò ó. Ó ní Orrin gbé àga tìmùtìmù kan wá sísàlẹ̀ ní ọdún yẹn, òun tí kì í jókòó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láìsùn. Ó ní ó tún àtùpà ibẹ̀ ṣe. Ó ní ní gbogbo ọdún tó kù tó fi ṣiṣẹ́, kò sí ọjọ́ kan tí kì í fi fóònù pe ilé kó tó kúrò níbi iṣẹ́ pé, “Mò ń bọ̀ o.” “Mo rò pé oúnjẹ ló ń tìtorí ẹ̀ pè,” ló wí. “Àṣé ó fẹ́ kí n ráyè gòkè ni.”

Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu. Mo rí i bí nǹkan náà ṣe wọ̀ ọ́ lára, mo sáré sún mọ́ ọn torí mo rò pé ó fẹ́ dákú.

“Ó máa ń kọ̀wé sí Atukọ̀ nípa mi,” ló wí. “Pé ìyàwó òun báyìí, ìyàwó òun báyìí. Pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún un, pé ilé òun ì bá ti ṣófo tí kì í bá ṣe obìnrin yẹn. Mo máa ń bínú sí i. Mo ń sọ pé, kí ló dé tó ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò lè sọ ọ́ fún mi?”

Àṣé òun gan-an ló ń sọ ọ́ fún. A jọ jókòó, ìyẹ̀fun ń gbẹ lórí tábìlì.

Nígbà tó yá, ó dìde, ó fi aṣọ bo ìyẹ̀fun náà. Ó ní nínú èyí tí mò ń tún ṣe, kí n yọ ìlà méje náà. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní, “Ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán.” Mo yọ ọ́ kúrò nínú tuntun, àmọ́ mi ò fọwọ́ kan ti díìsìkì àtijọ́.

A ṣí pátákó ní Sátidé tó kọjá. Èèyàn mẹ́rìnlá wọlé. Orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀, mo mọ̀ pé ìgbéyàwó lẹ lọ. Ọkọ̀ ojú omi yẹn jáde rekete, kò sí lẹ́tà kan tó ṣì. Verner ló kọ́kọ́ kọ̀wé, ó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn ẹja láti ibi tó ti dúró nígbà tí pátákó tì ní 1996. Ní aago mẹ́wàá, Atukọ̀ Àríwá wọlé, òdo sì wà níwájú rẹ̀. Verner kọ pé, “Ta ló ń fi wá ṣeré? Kí ni Atukọ̀ ń wá nílé Orrin?”

Inú ìdáná rẹ̀ ni mo ti ń wo Màmá. Ó tẹ̀ ẹ́ kíákíá, kò pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́: “Orúkọ mi ni Aune Niemela. Kò sí atukọ̀ kankan rí. Èmi ni mo kọ gbogbo lẹ́tà yẹn. Mo bẹ̀ yín.”

Ẹni méjì jáde láìsọ̀rọ̀, wọn ò sì tíì padà títí di òní. Lẹ́yìn náà ni Verner kọ pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ọtí sílẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ní òmùgọ̀ ni mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé tí mi ò fẹnu kàn án. Ẹ ṣé, Màmá. Àmọ́ ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹja.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń bínú, Marlys. Mo ń jí láàárọ̀, mo rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí kóòtù aláwọ̀ ewé lára ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti tún dé. Ó sì tún ń ṣe mí bákan pé gbogbo ìmọ̀ràn tó gbà mí ló dáa. Mi ò rí ẹyọ kan tó ṣì mí lọ́nà. Lánàá, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ ní aago mẹ́wàá, mo kọ̀wé sí i lórí pátákó. Mi ò pè é ní Atukọ̀. Mo kọ pé: “Màmá Aune, mo ṣì ń bínú sí yín. Ẹ má dá mi lóhùn báyìí.”

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dáhùn. “Mo gbọ́. Ṣé o ti jẹun?”

Mo ti ń jẹun lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde. Mo fèsì fún un pé mo ń jẹun. Wákàtí méjì la fi sọ̀rọ̀.

Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o fẹ́ gbọ́ ohùn òun. Ó ní tó o bá kọ̀, òun ò ní bi ọ́ léèrè ìdí. Orúkọ rẹ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tó o fi ń wọlé ṣì wà níbẹ̀ bó o ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Bá mi ro ó, ìwọ tó o gbé agbòjò dání fún mi lọ́jọ́ yẹn, kó o sì sọ fún mi bóyá orí mi pé.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó má fi orúnkún yẹn gun òkè. Kí àwọn ọmọ, fi ẹnu ko ọmọ tuntun tó gbé imú ìyá rẹ wá yẹn lẹ́nu fún mi. Verner ní kí n kí ọ, ó ní o ṣì jẹ òun ní àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ẹja kan tí èmi ò mọ̀dí ẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀ láti ilé-ìwé wá,

Renae Koskela.